Ẹ̀jẹ́ Clem àti Àga Valmai

Ẹni tí ara rẹ̀ bá ń yún un fún èébú ní Kurrabeg, kó kàn wọ ilé ẹgbẹ́ tó wà lẹ́bàá pápá, kó lanu pé àwọn Gẹ̀ẹ́sì mọ kíríkẹ́ẹ̀tì gbá ju àwọn ọmọ Ọsirélíà lọ. Kò ní í tíì sọ ọ́ tán tí Valmai Brodribb yóò fi já ọ̀rọ̀ náà gbà lẹ́nu rẹ̀. Opó ni Valmai, ó ń lọ sí àádọ́rin ọdún, kò fi bẹ́ẹ̀ ga ju tábìlì ọtí lọ, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀, àfi kí Ọlọ́run gbani! Bọ́ọ̀sì àwọn ọmọ iléèwé ló fi gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ wà láàárín oko àlìkámà, kíríkẹ́ẹ̀tì orí rédíò ló sì máa ń tàn sí wọn létí láti ẹnu ọ̀nà ilé títí dé iléèwé. Bí wọ́n bá ti lé Gẹ̀ẹ́sì kan kúrò lórí pápá, fèrè ọkọ̀ ló kù, á tẹ̀ ẹ́ títí àwọn ẹyẹ á fi ṣí lórí wáyà. Àwọn ọmọ náà ti di bàbá àti ìyá ọmọ báyìí. Ẹ bi wọ́n ní ohun tí olùkọ́ kọ́ wọn, wọ́n ti gbàgbé. Ẹ bi wọ́n ní èébú tí Valmai máa ń bú àwọn Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n á kà á láìkọsẹ̀.

Irú obìnrin yìí ni ìfẹ́ lọ fà lé Pọ́mù lọ́wọ́. Pọ́mù ni wọ́n ń pe ará Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níbẹ̀, ẹ má sì rò pé oríkì ni.

Clement Ackroyd ni Pọ́mù tí mò ń wí, Clem ni gbogbo ayé ń pè é. Yorkshire ni wọ́n bí i sí. Iṣẹ́ páìpù omi ló gbé e wá sí Ọsirélíà nígbà tí irun rẹ̀ ṣì dúdú, ìyàwó rẹ̀ sì ti ṣaláìsí kí ọkọ Valmai tó lọ. Gbogbo ọdún tó fi gbé Kurrabeg, kò jẹ́ kí oòrùn ibẹ̀ yí ohùn rẹ̀ padà rárá. Nínú ooru oṣù kìíní, tí ajá pàápàá ń wá símẹ́ǹtì tútù tí yóò fi ikùn lé, tíì gbígbóná ni Clem máa ń mu.

“Tíì nínú ooru yìí, Clem?” Valmai bi í lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ jókòó sí tábìlì kan náà. “Ṣé orí rẹ pé ṣá?”

“Tíì ló ń gbé àwa Gẹ̀ẹ́sì ró.”

“Òun náà ló ń mú kí ẹ máa ṣubú báyìí?”

“A ó nà yín lọ́dún yìí. Wàá rí i.”

“Ẹ̀yin kọ́, òjò ni. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti dá Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òjò ni agbábọ́ọ̀lù tó dáa jù tí ẹ ní!”

Clem rẹ́rìn-ín títí tíì fi dà sí i láṣọ. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wọn ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bi mí ìdí tí orílẹ̀-èdè ńlá méjì fi ń torí ife kékeré kan, tí kò kún àtẹ́lẹwọ́, tí wọ́n ní eérú wà nínú rẹ̀, bú ara wọn láti ayé àwọn bàbá ńlá wọn. Eérú ni wọ́n ń pe ìdíje náà. Ọdún mẹ́rin-mẹ́rin ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì máa ń wá bá wọn fà á ní Ọsirélíà, ìdíje márùn-ún, ọjọ́ márùn-ún fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bó bá ti dé, kò sẹ́ni tó ń ṣiṣẹ́ gidi mọ́ ní Kurrabeg.

Nígbà tí wọ́n wá ní ọdún mẹ́rin sẹ́yìn, lálùbami ni àwọn ọmọ Ọsirélíà lù wọ́n. Lọ́jọ́ tí gbogbo rẹ̀ parí, ilé ẹgbẹ́ kún fọ́fọ́, Clem nìkan sì ni Pọ́mù tó wà níbẹ̀.

“Ẹ̀yin tí ẹ fi pépà oníyanrìn ha bọ́ọ̀lù kí ẹ lè fi màgòmágó borí,” Clem ní, “ẹ̀yin lẹ fẹ́ wá máa yan fanda níwájú èèyàn gidi?”

“Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ọ́mọ̀ sọ bọ́ọ̀lù mọ́ àwọn bàbá wa láyà ńkọ́?” Valmai dá a lóhùn.

“Ìyẹn ti pẹ́!”

“Egbò wọn ò tíì jinná!”

“Wọ́n ti kú, Valmai!”

“Tegbòtegbò ni wọ́n kú! Ẹni da eérú leérú ń tọ̀, Clem. Jókòó kó o jẹ ìyà rẹ!”

Neville Zanker bá gbé ife bíà rẹ̀ sókè. Àgbẹ̀ àlìkámà ni Neville, kò sí àríyànjiyàn tí kì í dá sí, kò sì sí èyí tó ń tú ká nígbà tó bá dá sí i. “Clem, ọ̀rẹ́ mi,” ó ní, “ìyà yìí tó. Fẹ́ Valmai, kó o di tiwa, kí ìwọ náà lè mọ bí ìborí ṣe ń dùn lẹ́ẹ̀kan kó o tó kú.”

Ilé bú sẹ́rìn-ín gbàà. Ojú Clem pọ́n bí ọbẹ̀ tòmátì tí wọ́n ń dà lé páì ẹran. Ó fi ìkúùkù lu tábìlì, gbogbo ife fò sókè.

“Ẹ gbọ́ o! Mi ò ní í fẹ́ ìyàwó kankan nílẹ̀ yìí, àfi lọ́jọ́ tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì bá nà yín nílẹ̀ yìí kan náà, tí èmi Clement Ackroyd sì fi ojú mi rí i!”

Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́, ẹ̀jẹ́ Clem ti dé ọ̀dọ̀ apẹran, ó ti dé ilé ìfìwéránṣẹ́, ó ti dé ṣọ́ọ̀ṣì. Valmai ló rẹ́rìn-ín jù nínú gbogbo wọn. Ìgbà tó dé ilé, tó ń fún ajá lóúnjẹ, ló ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ sí i lọ́kàn pé ọkùnrin kì í búra pé òun ò ní í gbéyàwó nígbà tí kò bá tíì rò ó rí. Ọwọ́ rẹ̀ dúró lórí agolo.

“Yéè,” ó sọ fún ajá, “ó mà ti ń rò ó.”

Òun náà ti ń rò ó. Ó ti pẹ́ tó ti ń rò ó, kò kàn sọ fún ara rẹ̀ ni.

Látìgbà náà, Clem ò jẹ́ kí páìpù kan jò nílé Valmai, Valmai ò sì jẹ́ kí ọjọ́ ìsinmi kan kọjá láìyan ẹran àgùntàn fún un. Wọ́n jọ ń jẹun, wọ́n jọ ń jiyàn, wọ́n jọ ń fọ abọ́. Bó bá di ìrọ̀lẹ́, Clem á dé fìlà, á lọ bá ògiri ilé rẹ̀ sọ̀rọ̀.

“Ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni, Clem,” Valmai sọ fún un lọ́jọ́ kan. “Inú ló ń bí ọ. Gbé e mì, ká máa lọ.”

“Ará Yorkshire kì í gbé ọ̀rọ̀ rẹ̀ mì.”

“Ará Yorkshire á sì máa dá sùn.”

“Á máa dá sùn,” Clem ní. Ojú rẹ̀ sì fi hàn pé ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ ń dùn ún dé egungun.

Àwọn ará ìlú ò tún jẹ́ kí wọ́n gbádùn. Bí Valmai bá lọ ra ẹran, apẹran á ní, “Ìyàwó ọ̀ṣìngín, ìgbà wo làwọn Gẹ̀ẹ́sì ń bọ̀?” Glenys tó ń ta ọtí nílé ẹgbẹ́, ọ̀rẹ́ Valmai láti kékeré, ti ra bàtà ìgbéyàwó tirẹ̀ sílẹ̀. Bó bá ti rí Clem, á ní, “Bàtà mi ń dúró o, Clem. Ẹsẹ̀ mi ń wú sí i lójoojúmọ́. Sọ fún àwọn èèyàn rẹ kí wọ́n ṣe kíá.”

Nígbà tó yá, àwọn èèyàn rẹ̀ dé lóòótọ́. Wọ́n pàdánù ìdíje kìíní. Wọ́n pàdánù ìkejì. Òjò gba ìkẹta àti ìkẹrin mọ́ gbogbo wọn lọ́wọ́, ẹnikẹ́ni ò borí. Ó wá ku ẹyọ kan ṣoṣo ní Sydney. Ìborí kan péré ti tó fún ẹ̀jẹ́ Clem, ṣùgbọ́n bí wọn ò bá borí níbẹ̀, ó di ọdún mẹ́rin mìíràn, dókítà sì ti ki ẹ̀rọ kékeré kan bọ Clem láyà kí ọkàn rẹ̀ má baà gbàgbé iṣẹ́ rẹ̀. Ọdún mẹ́rin kì í ṣe nǹkan tí àgbàlagbà ń fi tọrẹ. Valmai mọ bẹ́ẹ̀, kò sì lè sùn.

Ẹ wá gbọ́ nǹkan ìtìjú. Lọ́jọ́ kẹta ìdíje Sydney, tí wọ́n ń wò ó lórí tẹlifíṣọ̀n nílé ẹgbẹ́, Gẹ̀ẹ́sì kan gbá bọ́ọ̀lù, bọ́ọ̀lù náà lọ gbọnrangandan, inú Valmai sì dùn! Inú rẹ̀ dùn kí ọpọlọ rẹ̀ tó lè dá a dúró. Ó sáré dìde, ó lọ ti ara rẹ̀ mọ́ ilé ìgbọ̀nsẹ̀, ó dojú kọ dígí.

“Valmai Brodribb,” ó ní, “ṣé ojú ò tì ọ́? Bí Ray bá jí lónìí, kí lo fẹ́ sọ fún un?” Ray ni ọkọ rẹ̀ tó ti kú. Ó ronú díẹ̀. Ray fúnra rẹ̀ fẹ́ràn Clem. “Ó dáa,” ó tún sọ fún dígí, “ẹ̀ẹ̀kan péré. Kí wọ́n nà wá lẹ́ẹ̀kan péré, kí wọ́n sì máa bá ìyà wọn lọ.”

Nígbà tó fi máa di ọjọ́ karùn-ún, àdúrà ọ̀dàlẹ̀ yìí ti fẹ́ẹ̀ gbà. Àwọn ọmọ Ọsirélíà ló ń gbá a, ayò ni wọ́n ń kó jọ. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì gbọ́dọ̀ lé mẹ́wàá kúrò nínú wọn kí wọ́n tó lè borí, wọ́n sì ti lé mẹ́sàn-án. Méjì tó kù lórí pápá ni Hanrahan, tó mọ̀ ọ́n gbá, àti Deluca, tó jẹ́ pé jíju bọ́ọ̀lù ni iṣẹ́ rẹ̀. Deluca ò mọ pátákó tí wọ́n fi ń gbá bọ́ọ̀lù lò, bí ẹni tó ń lé eṣinṣin ló ṣe ń jù ú kiri. Àádọ́ta ayò ló kù tí Ọsirélíà yóò gbá kí wọ́n tó borí. Bí àwọn Gẹ̀ẹ́sì bá lé ọ̀kan nínú àwọn méjèèjì kúrò, ó parí, wọ́n ti borí.

“Ó ti bọ́!” Clem ní. Àga ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn ló wà, fìlà rẹ̀ lórí orúnkún. “Glenys, lọ gbé bàtà rẹ wá!”

“Panumọ́, Pọ́mù!” gbogbo ilé ké lé e lórí.

Ṣùgbọ́n Hanrahan gbá ọ̀kan, ó wọlé. Ó gbá òmíràn. Deluca náà di ojú, ó ju pátákó sí i, bọ́ọ̀lù bá a, ó wọlé. Ni òfin àga bá bẹ̀rẹ̀.

Kò sẹ́ni tó ṣe òfin yìí, kò sì sẹ́ni tó jẹ́ rú u ní ilé ẹgbẹ́ náà: bí àwọn méjì tó wà lórí pápá bá ń ṣe dáadáa, ibi tó bá bá ọ ni kó o wà. Bó o jókòó, jókòó. Bó o dúró, dúró. Ẹni tó bá yẹsẹ̀, òun ló lé ọmọ wa kúrò, wọn ò sì ní í dárí jì í láéláé. Ta ló ń ṣọ́ òfin náà? Valmai ni. Lọ́dún tí iná mú koríko lẹ́yìn ilé Neville, òun ló ní kí ó jókòó jẹ́ẹ́, pé koríko á tún hù, ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n bá lé kúrò lórí pápá kò ní í padà.

Lọ́jọ́ yìí, òfin bá Glenys tòun ti ife méjì lọ́wọ́, kò lè gbé wọn fún ẹni tó ni wọ́n. Ó bá Neville níwájú tábìlì ọtí, páì lọ́wọ́ kan, ọwọ́ kejì nídìí bẹ́líìtì.

“Valmai,” Neville ní, “ìtọ̀ ń gbọ̀n mí.”

“Mú un mọ́ra.”

“Ọjọ́ orí mi ti kọjá ìmúmọ́ra!”

“Orílẹ̀-èdè rẹ ló ń bẹ̀ ọ́, Neville.”

“Ẹ jẹ́ kí bàbá arúgbó lọ o!” Clem ń pariwo. “Ẹ ṣàánú rẹ̀! Neville, rìn, ọ̀rẹ́ mi, rìn!”

“Bó o bá rìn, mo pa ọ́!” Glenys ní.

Bí wọ́n ṣe ń rẹ́rìn-ín náà ni ayò tó kù ń dín. Ó ku ọgbọ̀n. Ó ku ogún. Bọ́ọ̀lù kan fẹ́ẹ̀ bá igi tó wà lẹ́yìn Deluca, tí ì bá lé e kúrò, fẹ́ẹ́rẹ́ ló fi kọjá, ilé tún hó. Bí bọ́ọ̀lù bá wọlé, ẹnu Valmai á hó yèè, inú rẹ̀ á ké pé ó parí. Ó jẹ kéèkì kan tán láìmọ̀ pé òun jẹ nǹkan. Ó ku mẹ́wàá. Ó ku márùn-ún.

Ó bojú wo ẹ̀yìn. Clem ò pariwo mọ́. Ó ti di ojú, ó fi ọwọ́ méjèèjì fún fìlà rẹ̀ pọ̀, ètè rẹ̀ sì ń mì. Clem, tí kì í gbàdúrà kódà lórí oúnjẹ! Valmai mọ̀ pé kì í ṣe Eérú ló ń bẹ Ọlọ́run fún. Eérú ti bọ́ lọ́wọ́ wọn tipẹ́. Òun Valmai ni Clem ń tọrọ.

“Mo fẹ́ràn arúgbó olóríkunkun yìí,” ó sọ nínú ara rẹ̀, “Ọlọ́run jẹ́ kí Ọsirélíà dárí jì mí.”

Ó dìde.

Àga rẹ̀ ké wínrín. Gbogbo ojú ṣẹ́ kúrò lára tẹlifíṣọ̀n, wọ́n ṣẹ́ sọ́dọ̀ rẹ̀.

“VALMAI!”

“Jókòó! Obìnrin yìí, jókòó!”

“Ó ti pa wá o!”

“Ìwọ tó ní kí n tọ̀ sára!” Neville ké, ó na páì ọwọ́ rẹ̀ sí i. “Ìwọ tó ní kí ilé mi jóná!”

Valmai ò dá wọn lóhùn. Ó kẹ́yìn sí tẹlifíṣọ̀n, ó la àárín wọn kọjá, ó ń tẹ ilẹ̀ gbì-gbì bí ẹni tó fẹ́ kí Sydney gbọ́. Ó dé iwájú Clem, ó dúró. Clem lajú. Ó wo àga tó ṣófo, ó wo Valmai. Lẹ́yìn Valmai, lórí tẹlifíṣọ̀n, Gẹ̀ẹ́sì tó ń ju bọ́ọ̀lù ti ń sáré bọ̀.

Valmai gbọ́ tí pátákó ró kò! Lẹ́yìn náà ni òrùlé fẹ́ẹ̀ ṣí.

Kò nílò kó yíjú padà. Ohùn àwọn èèyàn tirẹ̀ ni. Deluca, Deluca tí kò mọ pátákó lò, ló gbé bọ́ọ̀lù náà kọjá okùn etí pápá lójú òfurufú sáàárín èrò, ayò mẹ́fà lẹ́ẹ̀kan náà. Ọsirélíà ti borí. Glenys da ife bíà méjèèjì sórí ẹni tó sún mọ́ ọn. Neville sọ páì lu ògiri, ó sì ki eré mọ́lẹ̀ sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀, ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ni wọ́n ti ń gbọ́ ọ, “A borí! Á à! A borí!”

Valmai dúró síbẹ̀, omijé ń dà lójú rẹ̀ bọ̀rọ̀bọ̀rọ̀. Ó ti da ilẹ̀ bàbá rẹ̀, ó sì tún pàdánù ọkọ. Àwọn kan rò pé ayọ̀ ni, wọ́n ń gbá a lẹ́yìn.

Neville jáde, ó ń so bẹ́líìtì. “Ẹ dúró ná! Kí ló gbé e dìde?”

“Iṣan ẹsẹ̀ mi ló fà,” Valmai ní.

“Ẹ má bá a wí!” Glenys ní. “Dídìde rẹ̀ ló gbé bọ́ọ̀lù náà lọ! Nígbà tó jókòó, ẹyọ-ẹyọ ni wọ́n ń gbá. Ó dìde, mẹ́fà!”

“Òfin ni òfin!”

“Òfin ti yí padà! Láti òní lọ, ìdúró ni Valmai yóò máa wà!”

Wọ́n fẹ́ bẹ̀rẹ̀ iyàn náà ní pẹrẹu nígbà tí Clem dìde.

“Kò sí iṣan tó fà á,” ó ní. “Irọ́ ló ń pa. Ó dìde kí wọ́n lè lé Deluca kúrò. Ó dìde kí Gẹ̀ẹ́sì lè borí.”

Wọ́n yíjú sí Valmai lẹ́ẹ̀kan náà.

“Valmai?” Neville ní, bí ẹni tí wọ́n sọ fún pé ìyá rẹ̀ jalè. “Ṣé òótọ́ ni?”

Valmai fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu imú. “Òótọ́ ni. Ẹ lé mi jáde bó bá wù yín.”

“Kò sẹ́ni tó máa lé ọ,” Clem ní. “Ọdún mẹ́rin ni mo fi ń dúró kí ọmọkùnrin mọ́kànlá tí wọn ò mọ̀ mí rí wá bá mi gbé ìyàwó. Ẹ wò ó, ẹni tó sa gbogbo ipá rẹ̀ jù kí Gẹ̀ẹ́sì lè borí lónìí, ọmọ Ọsirélíà ni. Òmùgọ̀ ni mí, Valmai. Jọ̀ọ́, fẹ́ mi.”

“Ẹ̀jẹ́ rẹ ńkọ́?” Neville bi í. Kò sí ohun tí kì í dá sí, ẹ sá ti mọ̀. “Ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ pàdánù ni o!”

“Mo ti gbé e mì,” Clem ní. “Ó sì korò. Glenys, gbé bíà tútù wá kí n fi tì í wọlé.”

Ariwo tó sọ lẹ́yìn èyí ju ti ayò mẹ́fà lọ. Valmai ń gbá Clem ní ìkúùkù léjìká, ó ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín. “Ọdún mẹ́rin! Àgùntàn mélòó lo jẹ nílé mi, Clem Ackroyd?”

“Ṣé bẹ́ẹ̀ ni lo wí?”

“Bẹ́ẹ̀ ni ni, olóríkunkun! A sì nà yín! Títí wọn yóò fi sin ọ́ ni wàá máa gbọ́ ọ!”

Lórí tẹlifíṣọ̀n, wọ́n tún ń fi bọ́ọ̀lù ìkẹyìn hàn. Gbogbo wọn yíjú síbẹ̀, wọ́n ń hó bí ẹni tí kò tíì rí i rí.

“Valmai!” Neville fà á láṣọ. “Wo ọwọ́ Deluca! Ṣé o rí bó ṣe gbé e?”

“Mi ò rí i.”

“O ò rí i kẹ̀? Gbogbo Ọsirélíà ló rí i! Kí lo wá ń wò?”

Valmai ò yíjú sí tẹlifíṣọ̀n náà.

“Òun,” ó ní, ó sì di ọwọ́ Pọ́mù náà mú.